Bátìrì Kì í Sùn Níta

Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí wọn kì í ṣe níbẹ̀. Ilé kan kì í jẹ ọ̀kẹ́rẹ́, ilé kan kì í gbálẹ̀ lóru. Ní ilé Wúrà ní Ìmẹ̀sí-Ilé, wọn kì í jẹ́ kí bátìrì ọkọ̀ sùn níta.

Ọlọ́rundáre ọkọ rẹ̀ ló fi òfin yìí lélẹ̀ nígbà tó wà láyé, kò sì ṣàdédé fi í lélẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù alápákó kan ló ń wa nígbà náà. Àwọn olè tú bátìrì rẹ̀ lọ ní Iléṣà ní ọjọ́ kan tó lọ kó kòkó. Ó ra òmíràn. Kò pẹ́, kò jìnnà, wọ́n tún tú ìyẹn lọ ní iwájú ilé rẹ̀ gan-an, níbi tí ajá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Ọlọ́rundáre á mú spánà nọ́ńbà mẹ́wàá, á tú bátìrì, á gbé e wọ yàrá, á gbé e ka orí pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. A máa wí pé, "Olè tó bá fẹ́ gbé bátìrì mi, kó kọ́kọ́ gbé èmi náà kúrò lórí ẹní." Omi bátìrì jẹ sìmẹ́ńtì ibẹ̀ títí àmì funfun kan fi wà nílẹ̀ tí ọṣẹ àti kànìnkànìn kò lè bọ́.

Nígbà tí agbára rẹ̀ ń dínkù, ó ta ọkọ̀ alápákó náà, ó lọ sí Kútọnu, ó sì ra píkọ́ọ̀pù funfun kan tí àwọn òyìnbó ti lò kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ kò ní kabúrétọ̀ bíi ti àtijọ́. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń darí rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì. Inú Ọlọ́rundáre dùn sí ọkọ̀ náà bí inú ọmọdé. Kò tíì wa á pẹ́ tí àìsàn fi gbé e ṣánlẹ̀. Micah, tó kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ló fi píkọ́ọ̀pù yẹn gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Iléṣà. Micah náà ló sì gbé òkú rẹ̀ padà wálé.

Wúrà kò ta ọkọ̀ náà. Ó fi ń ṣòwò iṣu. Láàárọ̀ kùtùkùtù, òun àti Micah á kó iṣu tó rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí Òṣogbo, níbi tí Fàtímọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Òkè Baálẹ̀ ti ń bá a tà á. Bí wọ́n bá padà dé nírọ̀lẹ́, Wúrà á mú spánà ọkọ rẹ̀, á tú orí bátìrì, Micah á gbé e wọlé ka orí pákó. Wúrà kì í lè sùn bí kò bá rí i níbẹ̀. Kì í ṣe olè nìkan ló ń rò. Nínú gbogbo ohun tí ọkùnrin náà máa ń ṣe nínú yàrá yẹn, èyí nìkan ló kù tí a ṣì ń ṣe.

Ọdún 1997 tó bẹ̀rẹ̀ òwò náà gan-an ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Àárín òkè ni Ìmẹ̀sí-Ilé wà. Ẹni tó bá ń jáde ní ìlú, kó tó mí kanlẹ̀, ó ti kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí ó gbọ́dọ̀ gùn, kó tó sọ̀ sí apá kejì. Ibẹ̀ ni píkọ́ọ̀pù náà ti ń dójú tì wọ́n. Láàárọ̀, bí Micah bá ṣíná sí i, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, á fẹ́ kú, á tún sọjí. Bí Micah bá tẹ tọ́tù, ìyẹn ibi tí ẹsẹ̀ ti ń sọ fún ọkọ̀ pé kó sáré, ọkọ̀ á kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́. Bó bá tún tẹ̀ ẹ́, á fò síwájú lójijì, iṣu á kọlu iṣu lẹ́yìn. Bí wọ́n bá wá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, agbára á tán. Jíà kìíní ni wọ́n fi ń gùn ún, bí ìgbín tí ń gun ògiri. Wúrà ní òkúta kan tó máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá kú lágbedeméjì òkè, òun ni yóò sọ̀kalẹ̀ sáré lọ fi òkúta náà ti táyà ẹ̀yìn, kí ẹrù má baà fà wọ́n padà sínú ìlú.

Orí òkè yẹn ni Àpìkẹ́ ti ń ta kẹrosíìnì, kì í sì í jẹ́ kí Wúrà kọjá lásán.

"Ìyá Julianah," á pè é, nítorí Julianah ni àkọ́bí Wúrà, "bí ẹ bá dé Òṣogbo kí oòrùn tó wọ̀, ẹ bá mi kí wọn o."

"Máa ta kẹrosíìnì ẹ," Wúrà á dáhùn. "Ọjọ́ tí ìwọ náà bá ra ọkọ̀, a ó wá jókòó síbí wò ó."

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọjá Ẹ̀sà-Òkè tí wọ́n ń sún mọ́ Ìbòkun, ara ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ẹsẹ̀ Micah kò ní tíì kan tọ́tù tán tí ọkọ̀ á ti dáhùn. Òfìfo ni wọ́n sì máa ń bọ̀ wálé, Wúrà kò ka ìyẹn sí. Ta ni kì í sáré bí ẹrù bá kúrò lórí rẹ̀?

Ó wá di ọjọ́ kan tí orúnkún ń dun Wúrà, Micah nìkan ló gbé iṣu lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń kọ́lé, wọ́n sì ní kó bá àwọn kó sìmẹ́ńtì bọ̀ láti Òṣogbo. Ní ọjọ́ kejì, Àpìkẹ́ wá sí ilé Wúrà, ó jókòó kí wọ́n tó ní kó jókòó.

"Ìyá Julianah, ẹ tún ọkọ̀ ṣe, ẹ ò sọ fún wa."

"Ọkọ̀ wo?"

"Èyí tó kọjá níwájú mi lánàá bí ẹtu tí ajá ń lé. Sìmẹ́ńtì kún inú ẹ̀ dé ẹnu, ó sì gun apá ibi tó le jù yẹn láìmí. Kí n tó ní kí n pe Micah, eruku nìkan ni mo bá." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo tún gbọ́ pé ọkùnrin tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní Ẹ̀sà-Òkè ń wá dẹ́rẹ́bà, wọ́n ní ó ti bá Micah sọ̀rọ̀. N kò sọ nǹkan kan o. Ohun tí etí mi gbọ́ ni mo ní kí etí yín náà gbọ́."

Wúrà jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń rò ó. Bí ọkọ̀ bá lè ru sìmẹ́ńtì fò gun òkè nígbà tí òun kò sí nínú rẹ̀, kí ló dé tó fi ń rá pálá bí òun bá wọ̀ ọ́? Àbí Micah ló ń fi ẹsẹ̀ ṣe é, kí ọkọ̀ lè sú òun, kí òun tà á, kí ó sì rí ọ̀nà lọ síbi tó fẹ́ lọ? Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ. Bí ó bá ṣe ẹlòmíràn ni, yóò ti lé e lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Micah ni orí Ọlọ́rundáre wà nígbà tó mí èémí ìkẹyìn.

Nígbà tí Micah gbé ọkọ̀ dé tó wá kí i nírọ̀lẹ́, Wúrà kò jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ tán.

"Micah, ṣé lóòótọ́ ni pé oníbúlọ́ọ̀kù Ẹ̀sà-Òkè pè ọ́?"

"Ó pè mí, màmá. Mo ní mo ní ọ̀gá."

"Ọ̀gá tó ń fẹsẹ̀ rìn gun òkè láàárọ̀. Wọ́n ní o fò gun òkè lánàá tòun ti sìmẹ́ńtì."

"Ọ̀sán ni, màmá. Bó bá di ọ̀sán, ara ẹ̀ máa ń yá. Àárọ̀ nìkan ló ń ṣe é."

"Ọkọ̀ ló ń ṣàìsàn òwúrọ̀? Ṣé ó lóyún ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Micah, ṣùgbọ́n ó wo ojú rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Gbọ́ mi," Wúrà wí. "Lọ́la, bí a bá dé Òṣogbo, a ó gbé ọkọ̀ yìí fún Mùyídéènì àbúrò Fàtímọ̀, mẹkáníìkì gidi ni. Bó bá ní ọkọ̀ ló ń ṣàìsàn, a ó tọ́jú ẹ̀. Bó bá ní kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ ni. Èmi àti ìwọ á pínyà nìyẹn. N kò ní bá ọ jà."

Micah dọ̀bálẹ̀. "Mo gbọ́, màmá," ló sọ. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé bátìrì wọlé ka orí pákó bó ti ń ṣe lójoojúmọ́, ó sì lọ sílé.

Bí wọ́n ṣe gun òkè ní ọjọ́ kejì, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ọ́. Ó tó kí n sọ pé òkúta ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sán ti ń pọ́n nígbà tí wọ́n dé ọgbà Mùyídéènì ní Òkè Baálẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Kò jẹ́ kí wọ́n sọ iṣu tó kù kalẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí ọkọ̀ ru ẹrù. Ó wọlé, ó ṣíná sí i, ó wa á yípo àdúgbò, Wúrà sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi etí tẹ̀lé ohùn ẹ́ńjìnnì náà bí ó ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀. Ohùn tó já gaara ni. Ó yíjú wo Micah.

"Ìyá," Mùyídéènì wí bó ti sọ̀kalẹ̀, "ọkọ̀ yìí yára ju ẹnu ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà lọ. Bí mo ṣe fẹsẹ̀ kàn án báyìí, ó ti mọ ibi tí mò ń lọ."

"O ò rí nǹkan kan?"

"Bí ẹ bá fẹ́ kí n jẹun lára yín, mo lè ní ká yọ bíréènì ẹ̀ dànù, ká gbé kabúrétọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀ yín."

"Ẹsẹ̀ tó ń wa á ńkọ́?"

Mùyídéènì wo Micah, ó sì wo ilẹ̀. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kò lè mọ́. "Ẹsẹ̀ àwọn dẹ́rẹ́bà yàtọ̀ síra, Ìyá," ló sọ.

Micah lọ sí inú ọkọ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Wúrà.

"Mo dúpẹ́, màmá. Ẹ ṣeun fún mi." Ó mú báàgì rẹ̀ nínú ọkọ̀. "Ẹni tó bá máa wa á, ẹ sọ fún un pé kó má tẹ tọ́tù ẹ̀ lójijì láàárọ̀. Kó máa rọra tẹ̀ ẹ́. Kì í fẹ́ wàhálà láàárọ̀."

Ó ní òun yóò sùn lọ́dọ̀ ọmọ ìlú wọn kan, òun yóò wọ ọkọ̀ èrò lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Wúrà wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀. Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ fúyẹ́, nítorí ó ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Kò fúyẹ́.

Òjò dé nírọ̀lẹ́ náà, Fàtímọ̀ sì ní kí Wúrà má dá a láṣà pé òun ń wá ẹni tí yóò gbé òun lọ sílé nínú òjò. Wọ́n ti ọkọ̀ wọ inú ọgbà Fàtímọ̀, wọ́n ti géètì pa. Bí òjò ṣe dá, Wúrà mú spánà jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Kí lo ń wá níbẹ̀?" Fàtímọ̀ bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Mò ń tú bátìrì."

"Nínú ọgbà mi? Pẹ̀lú fẹ́ǹsì àti géètì?"

"Bátìrì kì í sùn níta."

Fàtímọ̀ pàtẹ́wọ́. "Ó dáa, gbé e máa bọ̀. Humairah ọmọ mi, tẹ́ ẹní fún àlejò. Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ó máa jẹ ẹ̀bà, àbí wọ́n ti fún un lóúnjẹ lọ́nà?"

Wúrà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun nìkan ló gbé e wọlé ní ọjọ́ náà. Ìgbà yẹn ló tó mọ bí ó ṣe wúwo tó.

Ní àárọ̀, Fàtímọ̀ bẹ àbúrò rẹ̀ pé kó bá àwọn gbé iṣu tó kù lọ sọ́jà. Mùyídéènì so bátìrì mọ́ ibi tí wọ́n ti tú u, ó jókòó sídìí ọkọ̀, àwọn obìnrin méjèèjì jókòó tì í. Ó ṣíná sí i. Ẹ́ńjìnnì gbọ̀n, ó kú. Ó tún ṣíná sí i. Ó gbọ̀n, ó dúró. Wọ́n jáde ní géètì, wọ́n kọjú sí ibi tí ọ̀nà ti gòkè ní iwájú ilé. Mùyídéènì tẹ tọ́tù, ọkọ̀ kò dáhùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ fò síwájú bí ewúrẹ́ tí wọ́n fi igi gún, iṣu kan fò bọ́ sílẹ̀, ó sì là sí méjì lójú títì. Ọkọ̀ wá ń fà lọ gẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀, ọlọ́kadà kan lẹ́yìn wọn ń fọn fèrè.

Mùyídéènì dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Àná kọ́ ni mo wa ọkọ̀ yìí?" ló bèèrè.

"Ẹsẹ̀ àwọn mẹkáníìkì yàtọ̀ síra," Fàtímọ̀ dá a lóhùn.

Wúrà kò rẹ́rìn-ín. Ìgbọ̀n yìí kan náà ni. Ìfò yìí kan náà ni, bó ṣe mọ̀ ọ́n láti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló sì wà níbẹ̀.

Wọ́n rọra yí padà lọ sí ọgbà Mùyídéènì. Mùyídéènì pe Mikail, ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ wáyà àti iná ọkọ̀ ní abẹ́ igi fúrúùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mikail ti gbé Kútọnu fún ọdún mélòó kan, irú ọkọ̀ báyìí ló sì ń tún ṣe níbẹ̀. Ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́, ó ń fetí sí ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì náà.

"Kí lẹ ṣe fún un láti àná?" ló bi wọ́n. "Ẹ fọ ẹ́ńjìnnì? Ẹ ra epo ibòmíràn?"

"A ò ṣe nǹkan kan," Wúrà wí. "Ó sùn, a sùn, ilẹ̀ mọ́."

"Bátìrì ẹ̀ ló sùn lórí ẹní," Fàtímọ̀ sọ. "Ọkọ̀ fúnra ẹ̀, ìta ló sùn."

Mùyídéènì bú sẹ́rìn-ín. Mikail gbé mọ́ínmọ́ín rẹ̀ kalẹ̀.

"Lórí ẹní báwo?"

Wúrà sọ ọ́ fún un. Ó sọ ọ̀rọ̀ àwọn olè, ó sọ ti ọkọ rẹ̀, ó sọ ti pákó ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Mikail bi í pé ìgbà mélòó ló ń tú u. Ó ní lálaalẹ́ ni.

"Ìyá," Mikail wí, "ṣé ẹ ti gba ọmọ ọ̀dọ̀ rí?"

"Mo ti gbà á rí."

"Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, ṣé ó mọ ibi tí iyọ̀ wà?"

"Báwo ló ṣe máa mọ̀ ọ́n?"

"Bó bá wá di ìrọ̀lẹ́, tó ti mọ ibi iyọ̀, tó mọ bí ata yín ṣe ń tó, ẹ wá lé e lọ. Ní àárọ̀ ẹ gba òmíràn tí kò mọ nǹkan kan. Báyìí lẹ ń ṣe bíréènì ọkọ̀ yín."

Ó ṣí ẹ̀gbẹ́ ibi ìjókòó, ó fi àpótí pẹlẹbẹ kan hàn wọ́n, tí wáyà pọ̀ lára rẹ̀ bí irùngbọ̀n. Ó ní àpótí náà ló ń pín epo àti iná fún ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó ṣe é ti kọ́ ọ ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́, ìyẹn kì í kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì yìí ti gbó díẹ̀, epo tí a ń rà níbí kì í sì í ṣe epo ọ̀dọ̀ wọn, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa kọ́ ìyókù fúnra rẹ̀ bó ti ń rìn. Ó ní ohun kan bí etí lára ẹ́ńjìnnì tó fi ń gbọ́ bóyá iná ń jó nínú rẹ̀ ní àkókò tó yẹ. Bó bá gbọ́ pé ó dára, á fi díẹ̀ kún un, á tún fi díẹ̀ kún un, ibẹ̀ ni agbára ti ń wá. Ó tún ń kọ́ ibi tí tọ́tù ti bẹ̀rẹ̀, àti bí atẹ́gùn tí yóò máa fà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí rẹ̀.

"Iná bíńtín tó ń bọ̀ láti ara bátìrì ló fi ń rántí gbogbo ẹ̀," Mikail wí, "kódà bí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá tú bátìrì, ó gbàgbé. Ó di àárọ̀, ó ń táràrà bí àlejò nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà wà. Ẹ̀rù ń bà á láti lo agbára. Tó bá wá rìn jìnnà tó kọ́ ọ tán, ẹ ti délé, ẹ ti tún mú spánà."

Mùyídéènì ti ń na ìka sí Wúrà láti ìgbà yẹn. "Wọ́n ní ilé lọmọ Ọ̀wá ti í múná roko," ló sọ. "Èyí tí mo gbọ́ nìyẹn. N kò mọ̀ pé ẹ tún ń kó iná oko padà wọlé lálẹ́."

"Òṣogbo ìlú aró," Wúrà dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò fi ọkàn sí i, "ọwọ́ yín ti dúdú tipẹ́. Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n lánàá." Ó ti dìde. "Mùyídéènì, ọkọ̀ èrò Ìmẹ̀sí, ibo ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́?"

Ọkọ̀ èrò kì í kúrò ní gáréèjì bí kò bá kún, ìyẹn ló gbà á. Èrò díẹ̀ ló kù kí ó kún nígbà tí Wúrà dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́kadà tó gbé e, orúnkún rẹ̀ ń ro ó. Micah jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, báàgì rẹ̀ lórí itan. Nígbà tó rí i, ó dìde, orí rẹ̀ gbá òrùlé ọkọ̀.

"Sọ̀kalẹ̀," Wúrà wí. "Wá gbé mi lọ sílé."

"Màmá, ẹ ti gba kọ́kọ́rọ́."

"Mo gbà á. Ọwọ́ tó gba nǹkan náà ló ń dá a padà."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀, láàárín àwọn tí ń ta búrẹ́dì àti omi. Ó sọ ti Mùyídéènì àti iṣu tó là sí méjì, ó sọ ti àpótí tí ń gbàgbé. Ó sọ ti Àpìkẹ́ pẹ̀lú, ohun tí ó rò sí i nínú ọkàn, kò fi díẹ̀ pamọ́. Micah ń wo ilẹ̀.

"Màmá, ta ló ń gbé bátìrì yẹn wọlé?"

"Ìwọ ni."

"Èmi ni. Ẹrù tó ń pa mí láàárọ̀, èmi náà ni mò ń fọwọ́ ara mi gbé e ka orí pákó lálẹ́." Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wúrà rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ló ń rín. Òun náà kò mọ ìgbà tó bá a rín in, títí dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ èrò fi bi wọ́n pé ta ni nínú wọn ló ń lọ.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ olè kò parí. Òfin Ọlọ́rundáre kì í ṣe òfin òmùgọ̀. Mùyídéènì mú wọn lọ bá ajórin kan ní ìdojúkọ ọgbà rẹ̀, ẹni náà sì fi ọ̀pá irin ṣe àpótí kan tó bo bátìrì mọ́ ibi tó wà, ó jó o mọ́ ara ọkọ̀, ó fi ojú ihò sílẹ̀ fún àgádágodo. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà pẹ̀lú àgádágodo náà. Wúrà so ọ̀kan mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀. Ó di èkejì mú fún ìgbà díẹ̀, ó sì nà án sí Micah. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sí ẹlòmíràn tí ó tíì fi ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn lé lọ́wọ́ láìjẹ́ pé òun dúró tì í.

Wọ́n délé nírọ̀lẹ́. Wúrà bọ́ sílẹ̀, kò sì wọlé. Spánà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló kàn mú un jáde bó ti ń ṣe. Ó dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Màmá," Micah wí jẹ́jẹ́, "bàbá ní bátìrì kì í sùn níta. Kò kúkú sùn níta. A ti kọ́lé fún un."

Wúrà rò ó wò. Ó wo irin náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi ọwọ́ mi àgádágodo rẹ̀, ó sì ní kí Micah pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Nínú yàrá, ó gbé pákó náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó gbé e ti ògiri. Àmì funfun tó wà nílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó fi spánà lé orí àmì náà, ó sì dùbúlẹ̀.

Ní àárọ̀, wọ́n kó iṣu, ó kún dé ẹnu. Micah ṣíná sí i. Ẹ́ńjìnnì gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan, ó sì fà á wálẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tó jókòó síbi tó mọ̀. Micah wo Wúrà. Wúrà wo iwájú. Òkúta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ti fi ọwọ́ kan dì í mú.

Wọ́n kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Micah rọra fẹsẹ̀ kan tọ́tù, bó ṣe máa ń rọra ṣe é láàárọ̀. Ọkọ̀ dáhùn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lọ síwájú sí i. Kò fò. Kò sí iṣu tó kọlu iṣu. Ó kàn ń gòkè ni, ó ń lọ, jíà kejì, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń yà fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Lórí òkè, Àpìkẹ́ ti gbé ọwọ́ sókè, ẹnu rẹ̀ ti là fún ohun tó fẹ́ sọ. Wọ́n kọjá kó tó sọ ọ́.

"Dúró," Wúrà wí.

Micah dúró. "Kí ló ṣẹlẹ̀, màmá?"

Wúrà ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé òkúta náà sọ̀kalẹ̀, ó gbé e sí etí kòtò, níbi tí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú ti lè tètè rí i. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ara wọn, ó padà wọlé.

"Ó ń gba àyè lẹ́sẹ̀ mi," ló sọ. "Máa lọ."